Ẹ Ṣí Ẹ̀rọ Omi Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ibi tí àwọn èèyàn ti dá sí ọ̀rọ̀ nìkan ni mo gé kúrò.)

Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, àga wà níwájú, ẹ máa bọ̀, torí mo mú nǹkan wá tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí.

Púlọ́ńbà ni mí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi iṣẹ́ páìpù jẹun. Alága ló ránṣẹ́ sí mi pé ẹgbẹ́ fẹ́ máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti ra ilé tí wọ́n ti kọ́ parí, kí n wá sọ ohun tó yẹ kí èèyàn yẹ̀ wò. Inú mi dùn, torí pé ìgbà tí ilé bá ti ń jò ni wọ́n sábà máa ń pè wá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló ti ra ilé rí nínú wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ nawọ́, ta ló gbé ìwé ilẹ̀ fún lọ́yà kó tó sanwó? Gbogbo yín. Ta ló mú sọ̀fíyọ̀ lọ? Gbogbo yín náà ni, ó ku bàbá kan. Ó yá, ta ló ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé náà, tó ṣí wọn papọ̀, tó dúró wo bí omi ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ? Ọwọ́ kan ṣoṣo. Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. À ń náwó ká lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ní wàhálà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n tó bá kan ilé fúnra rẹ̀, ọ̀dà ara ògiri là ń wò. Ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé ọ̀dà là ń wò. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọ̀dà yẹn, ọ̀nà méjì ló wà nínú ilé: ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, àti ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Ilé tí ọ̀nà méjèèjì bá dára, ẹ lè tún gbogbo ìyókù ṣe díẹ̀díẹ̀. Ilé tí ọ̀kan bá bàjẹ́ níbẹ̀, òun ni yóò máa jẹ owó oṣù yín.

Ohun tí ọ̀dà ń bò mọ́lẹ̀

Ọ̀gá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló pè mí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti fi owó gíráítì ra ilé alájà kan ní apá Àkóbọ̀. Ilé náà dára lójú. Bí wọ́n ṣe wọlé, òórùn ọ̀dà tuntun ló pàdé wọn, ìyàwó rẹ̀ ní ṣe ni òun ń rẹ́rìn-ín káàkiri yàrá. Kò pé oṣù méjì, POP àjà pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì bíi tíì tó dà sórí aṣọ funfun. Wọ́n pe akunlé, akunlé tún un kùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àmì náà padà, ó ti fẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní kí wọ́n má kùn ún mọ́. Yàrá ìwẹ̀ ló wà lókè ibi tó ń yọ àmì. A fọ́ táìsì. Kí ni a rí? Ibi tí páìpù méjì ti pàdé, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike tí a fi ń so páìpù pọ̀, níbẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti fi iná yọ́ ẹnu páìpù kan, ó fẹ̀ ẹ́, ó ki ìkejì bọ̀ ọ́, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ó da símẹ́ǹtì lé e. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò fẹ́ rà, owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Páìpù tí wọ́n bá fi iná fẹ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́. Kò ní jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè má jò lọ́dún àkọ́kọ́. Ìgbà tí èèyàn bá ti ń gbé inú ilé, tí omi ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ṣé ẹni tó ta ilé yẹn kò mọ̀ ni, àbí ó mọ̀? Mi ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àmì kan ti wà lára POP yẹn kí wọ́n tó kùn ún, torí nígbà tí a ha ọ̀dà kúrò, a bá òmíràn nísàlẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá wọ ilé tí wọ́n fẹ́ tà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun dá yín nínú dùn kíákíá. Bí wọ́n bá kun gbogbo ilé, kò burú, gbogbo ẹni tó fẹ́ ta nǹkan ló ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n kùn, ìsàlẹ̀ ògiri kan, igun POP kan, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn yàrá ìwẹ̀, bí igi rẹ̀ bá ti wú tàbí tó ti rọ̀, omi ti ń dé ibẹ̀ tipẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ògiri tó wà lẹ́yìn yàrá ìwẹ̀, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lára rẹ̀, omi ló ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, tó ń gbé iyọ̀ inú símẹ́ǹtì jáde. Ẹ ṣí kábọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì ilé ìdáná, ẹ ti orí bọ̀ ọ́, ẹ gbóòórùn. Òórùn aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ẹ mọ̀ ọ́n. Imú kì í purọ́ fún olówó rẹ̀.

Ẹ fi ìka kan táìsì yàrá ìwẹ̀. Bí ó bá ń dún bí agolo òfìfo, ó lè jẹ́ pé símẹ́ǹtì kò tó lábẹ́ rẹ̀ nìkan, kò sí omi kankan níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé omi ti gbé símẹ́ǹtì náà lọ. Ẹ kàn kọ ibẹ̀ sílẹ̀.

Irin inú ilé àtijọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé èyí káàkiri. Ẹ di í mú dáadáa, ó wúwo. Páìpù irin ni, mo yọ ọ́ nínú ilé kan ní Bódìjà. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní 1958 ni Bódìjà bẹ̀rẹ̀. Omi Eléyelé, tí wọ́n ṣe láti 1942, ṣì ń yọ fàà nínú ẹ̀rọ ìlú nígbà náà. Irin ni wọ́n fi ń ṣe páìpù ilé, irin tí wọ́n fi irin mìíràn tó ń jẹ́ síǹkì bò.

Ẹ wo ìta rẹ̀. Kò bàjẹ́ rárá. Ó yá, ẹ yí i, ẹ wo inú ihò rẹ̀. Ṣé ìka yín lè wọ̀ ọ́? Ìka àtàǹpàkò ni ihò yẹn gbà nígbà tí wọ́n rì í, bírò ló kù tó lè wọ̀ ọ́ báyìí. Ìpẹtà ló jẹ ẹ́ látinú. Ilé bẹ́ẹ̀ ń bẹ níta, ilẹ̀ rẹ̀ tóbi, ibi tó wà dára, owó rẹ̀ sì ga. Mi ò ní kí ẹ má rà á. Mo ní tí ẹ bá rí páìpù irin, ẹ fọkàn sí i pé ẹ ó yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì yọ owó yẹn kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lo omi. Ẹ gba omi àkọ́kọ́ sínú ike funfun. Bí ó bá pọ́n fún ìṣẹ́jú kan kó tó mọ́, ìpẹtà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ṣáwà òkè, kí ẹnì kan ṣí ti ilé ìdáná, kí ẹnì kan tún fa omi ṣáńgá inú ilé ìgbẹ́. Bí ṣáwà bá kú, ihò ti dí, tàbí kó jẹ́ pé táǹkì kò ga tó. Gíga táǹkì ni agbára omi nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí nǹkan mìíràn tó ń tì í.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ fún alẹ́ kan

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ nìyí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Páìpù tó ń jò lára ògiri, ojú yóò rí i. Èyí tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́, lábẹ́ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì flọ́ọ̀? Ilẹ̀ ń mu ún ni. Kò sí àmì, kò sí òórùn. Ohun tí onílé yóò kàn máa rí ni pé owó iná ń pọ̀ torí súmò tó ń fa omi sókè ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, tàbí pé òun ń ra omi ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, yóò sì máa bínú sí ọmọ ọ̀dọ̀ pé ó ń fi omi ṣòfò. Tó bá pẹ́, ilẹ̀ pálọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ bẹ ẹni tó ń ta ilé pé kó yá yín ní kọ́kọ́rọ́ fún alẹ́ kan. Ẹ kún táǹkì dé òkè. Ẹ pa iná súmò. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa, títí kan ti ìta tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Kí ẹnì kan gun òkè lọ fi máákà sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì. Ẹ ti ilé, ẹ máa lọ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ padà gun òkè. Ṣé omi ṣì wà lójú àmì?

Bí táǹkì bá fẹ̀ ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ wálẹ̀ ní íǹṣì kan, bíi lítà 20 ló ti lọ. Jẹrikáànù kan gbáko! Nínú ilé tí kò sí èèyàn. Ta ló mu ún?

Lọ́dún tó kọjá, tọkọtaya kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ra ilé níhìn-ín. Fídíò ni wọ́n fi wo gbogbo rẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó lọ bá mi, mo sọ ọ̀rọ̀ táǹkì yìí fún un. Éjẹ́ǹtì fárí gá, ó ní òun kò rí irú èyí rí, pé ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́yìn wọn ti ń dúró. Ọmọ náà kò gbọ́. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ní àárọ̀, omi ti fi íǹṣì mẹ́ta wálẹ̀.

Ó pè mí. A kọ́kọ́ fura sí ṣáńgá, torí omi máa ń gba ibẹ̀ sá lọ láìdún. Ẹ mọ búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun? Ẹ po díẹ̀, ẹ dà á sínú táńkì ṣáńgá, ẹ má fa omi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn kò le, owó kékeré ni. A ṣe é nínú ilé yẹn, kò sí búlúù kankan tó yọ. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni. A ti fáàfù kan, ìyẹn ohun tí a fi ń ti omi páìpù pa, a dúró wò ó. A ṣí i, a ti ìkejì. Bí a ṣe ń há a mọ́ nìyẹn, títí ó fi ku páìpù tó gba abẹ́ pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi. Nígbà tí ẹni tó ni ilé dé, ó yà á lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ní ọdún méjì ni òun fi ń bá ìyàwó òun jà lórí omi. Ó gbà kí a la ilẹ̀, ó san owó rẹ̀, wọ́n sì ra ilé náà. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta ilé ló ń jalè. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilé tuntun lẹ fẹ́ rà, tí wọn kò tíì gbé inú rẹ̀ rí, ẹ bèèrè fọ́tò. Lóde òní, kò sí òṣìṣẹ́ tí kò ní fóònù. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí páìpù gbà hàn yín, èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Púlọ́ńbà tó ṣe iṣẹ́ gidi a máa fi omi ti páìpù lágbára kí wọ́n tó bò ó, ó sì máa ń yà á ní fọ́tò torí ó fi ń yangàn.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ẹ wo ẹsẹ̀ táǹkì pẹ̀lú. Táǹkì lítà 2,000 tó kún, tọ́ọ̀nù méjì ni omi inú rẹ̀ nìkan. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti dípẹtà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀dà bò.

Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde

Ìdákejì ọ̀rọ̀ rèé, òun sì ni a kì í fẹ́ sọ ní gbangba torí ó ń rùn. Sókàwéè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣàìsàn táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sàn, ó tún padà. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni wọ́n ń gbé, kànga wà níbẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ lójú bíi dígí. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi ni mo sì bá wọn jẹ ìrẹsì ìṣílé, n kò wo ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, sókàwéè aládùúgbò wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré sí kànga wọn. Ó dùn mí títí di òní. Wọ́n dẹ́kun mímu omi kànga yẹn, ọmọ náà sì gbádùn.

Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń ní kó wà láàárín kànga àti ibi tí ìgbẹ́ ń lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bíi mítà 18 sí 36 nìyẹn. Bí ẹ bá wá ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, 60 sí 60, kódà láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, kò tó mítà 26. Ṣé ẹ rí i? Lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, kò sí bí ẹ ṣe lè fi mítà 30 sáàárín wọn, ká má tíì wá sọ ti aládùúgbò. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé, ẹ má kàn bèèrè pé ibo ni sókàwéè wà. Ẹ bèèrè ti ilé ọ̀tún, ti ilé òsì, ti ilé ẹ̀yìn. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ra ilé ní Èkó, ní apá Lekki àti Ajah, ọ̀rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀. Omi ilẹ̀ wà nítòsí níbẹ̀. Sókàwéè tó yẹ kó máa da omi sílẹ̀, ilẹ̀ ló ń da omi sínú rẹ̀. Tí òjò bá dé, ó kún, omi ìgbẹ́ a sì gba inú ṣáńgá padà wá sínú ilé. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ èyí. Àwọn tó mọ̀ ni gètímáànù ilé kejì, àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó lọ́dún ni ọkọ̀ ń wá. Bí ẹ bá lè fara dà á, ẹ lọ wo ilé náà ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, lẹ́yìn òjò ńlá. Ilé tí ẹ bá wò nínú ọyẹ́ nìkan, ìdajì rẹ̀ lẹ rí.

Láti dán ọ̀nà àbájáde wò, ẹ pọn omi kún báàtì tàbí ike ńlá mẹ́ta, ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan sì fa omi ṣáńgá. Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ihò ìwẹ̀ bá ń ké gbùrù-gbùrù bí ẹni tí omi há lọ́fun, páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sókè kò sí, tàbí ó ti dí. Ilé bẹ́ẹ̀ yóò máa rùn lálẹ́, torí omi díẹ̀ tó yẹ kó máa dúró nínú ọrùn páìpù láti dí òórùn, omi tó ń ṣàn kọjá ti fà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ọmọrí sókàwéè kí ẹ rí i. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, ẹ má sì ṣá ìṣáná lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ ń pa èèyàn kó tó pariwo. Ẹni tó bá sì wọlé lọ gbé e náà ń kú tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀hóòlù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ Ìbàdàn, inú ojú ẹ̀là àpáta ni omi ń gbé. Bọ́ọ̀hóòlù tó ń tú omi jáde ní oṣù kẹsàn-án lè gbẹ ní oṣù kẹta. Ẹ bi aládùúgbò. Kí ẹ sì pọn omi rẹ̀ sínú ike funfun, kó sùn. Bí ó bá mọ́ lálẹ́ tó sì pọ́n láàárọ̀, irin wà nínú rẹ̀, ẹ ó ra ẹ̀rọ tí ń sẹ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́

Alága, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti wo fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí akọ̀wé fi hàn mí. Ẹ béèrè ìwé ilẹ̀, ẹ béèrè onídùúró méjì, ẹ béèrè fọ́tò. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ fi ojú ewé kan kún un, tí púlọ́ńbà kan tí kì í ṣe èèyàn ẹni tó ń tà á yóò kọ: àmì táǹkì ní alẹ́, àmì táǹkì ní àárọ̀, búlúù yọ tàbí kò yọ, ìṣísẹ̀ mélòó láti kànga sí sókàwéè gbogbo àyíká. Kó fọwọ́ sí i. Bí ó bá rí àbùkù, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó ń tà á yóò tún un ṣe kí a tó san owó tó kù, tàbí kó yọ ọ́ nínú iye ilé. Kò ní gbà yín ju ọjọ́ méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ púlọ́ńbà ni yóò dí yín lọ́wọ́, ilé mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yá èèyàn lówó rà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yóò lọ wò wọ́n láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, páìpù mi dà? Ó ti dé ọwọ́ ìyá tó nawọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá, ẹ má tíì dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ tí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé yín.